Ọdún Tí A Fa Tẹ̀tẹ̀ Bàbá Àjàdí Tu

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ láyé, n kò ní sọ pé orin ìyá mi ni. Ariwo bàálù ni. Ilé tí a háyà ní Ìsọlọ̀ wà lábẹ́ ojú ọ̀nà tí bàálù máa ń gbà balẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ti ń kọjá lókè, gbogbo àgbàlá ni yóò dúró dè é. Ìyá mi á dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín, àwọn àwo inú agbọ̀n á máa gbọ̀n, bàbá mi tó ń ka Kùránì lọ́wọ́ á fi ìka tẹ ibi tó kà dé mọ́lẹ̀. Bó bá ti kọjá, kálukú á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró. Ẹnikẹ́ni kì í bú bàálù, nítorí èébú kò ní kó gba ọ̀nà ibòmíì. Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra wọn nínú ilé náà, méjì nínú wọn jẹ́ tiwa. Kànga kan, balùwẹ̀ kan, ilé ìdáná kan tí èéfín ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú. Bí ọbẹ̀ bá jóná ní yàrá kìn-ín-ní, ẹni tó wà ní yàrá kẹwàá ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí tọkọtaya bá ń jà, gbogbo wa la jọ máa ń bá wọn parí ẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ilé tí mo dàgbà sí kì í ṣe ibi tí àṣírí máa ń pẹ́ sí. Síbẹ̀, ọ̀kan wà tó pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń sún mọ́ ogójì báyìí, àyà mi ṣì máa ń já bí mo bá rántí rẹ̀.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò gbà mí gbọ́ rí. Wọ́n á bi mí pé àgbẹ̀ wo ló ń gbé Èkó, ṣé orí òrùlé ló ń gbin iṣu sí ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ẹ̀yìn Àjàó Estate lọ, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ lẹ́bàá odò tóóró kan, wọ́n á rí ilẹ̀ ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí, tí àwọn bàbá bí ogún pín láàárín ara wọn, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ewúro sí. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ń gbìn ín sí, ilẹ̀ tí a kó jọ gbọọrọ bí ibùsùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jọ ìgbẹ́ adìẹ. Bí mo bá ti kúrò nílé kéú, mo máa ń bọ́ hìjáàbù mi sílẹ̀, mo máa ń gbé ajọ̀, mo máa ń jọ ìgbẹ́ títí yóò fi kúnná bí èlùbọ́, òórùn rẹ̀ á sì wọnú irun mi lọ. Ìyá mi á fi ọṣẹ dúdú fọ̀ mí lórí, á ní kí n má bínú, pé ìgbẹ́ náà ló ń rán mi nílé ìwé. Ẹ̀fọ́ tí kò bá tà la máa ń jẹ. Mo jẹ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bà, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì, mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú búrẹ́dì. Bí mo bá fajú ro, bàbá mi á ní kò sí ẹni tí ẹ̀fọ́ pa rí, ìyá mi á dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó mú sanra rí náà.

Bẹ́ẹ̀dì Bàbá Àjàdí ló kángun sí tiwa. Òun ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀dì márùn-ún péré ló sì ní, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ́ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn, wọn kì í sábà bẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún yẹn ló ń jẹ, òun ló fi ń san owó yàrá. Mo fẹ́ràn bàbá náà nítorí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọwọ́ òsì ni mo máa ń lò. Bí mo bá fi na nǹkan sí ìyá mi, á gbá a. Bí mo bá fi kọ̀wé nílé kéú, ààfáà á fi pàṣán bá a wí. Bàbá Àjàdí nìkan ló jẹ́ kí n lò ó bó ṣe wù mí. Òun ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀fọ́. Àwọn yòókù máa ń fi fọ́nrán àpò ìrẹsì dì í, wọ́n á ta á ní kókó. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń bó, á ya á tẹ́ẹ́rẹ́, á fi kọ́ ara àtíbàbà rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Kì í ta kókó rárá. Á wé e lẹ́ẹ̀mejì yí ìdí ẹ̀fọ́ ká, á ki orí rẹ̀ bọ abẹ́, kò sì ní tú títí dé Òṣòdì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, tèmi yí sí òdìkejì, nítorí ọwọ́ òsì. Ó yí i lọ yí i bọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ti Sàdíà báyìí láàárín ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹlòmíràn tó wo ìdí ẹ̀fọ́ débi tí yóò fi mọ ìyàtọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tà á nígbà náà nìyí. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àwọn obìnrin tó ń tún ẹ̀fọ́ tà á ti dé láti Òṣòdì àti Apakun, wọ́n á dúró lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ẹ̀fọ́ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n á dá iye lé e. Bí bàbá mi bá ní iye yẹn kéré, wọ́n á ní Bàbá Kàmọ́rù tó wà lápá ọ̀hún ti gbà á. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ Bàbá Kàmọ́rù, wọ́n á ní bàbá mi ti gbà á. Irọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kò mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Òun ti gbó, yóò sì yọ òdòdó bí a kò bá gé e. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi fi ìbínú gé odindi bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, ó dà á fún ewúrẹ́ onílé wa. Àwọn ewúrẹ́ náà jẹ títí, wọ́n dùbúlẹ̀. Bàbá mi jókòó tì wọ́n, ìgbà yẹn ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wọ̀ ọ́ lórí.

Àgbàlá wa ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Bàbá mi gbé e kalẹ̀ fún wọn pé kí gbogbo wọn pa ẹ̀fọ́ pọ̀, kí wọ́n kan àtíbàbà onípáànù kan sẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n máa ta ẹ̀fọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan, iye kan náà fún gbogbo oníbàárà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá tà mọ́. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gan-an, tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ín. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo ń gbé omi kiri láàárín wọn, mo sì rí ojú wọn. Àwọn kan ń mi orí bí ẹni tó gbà, wọ́n sì ń wo ara wọn bí ẹni tí kò gbà. Ẹnìkan ní tẹ̀tẹ̀ òun tóbi ju ti gbogbo wọn lọ, kí ló dé tí iye yóò fi jẹ́ ọ̀kan. Ẹlòmíràn béèrè ẹni tí yóò máa kọ orúkọ sílẹ̀, nítorí ẹni tó ń kọ̀wé ló ń jẹ ẹgbẹ́. Bàbá Àjàdí jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Ó wá sọ ti ìgbà tó wà lọ́mọdékùnrin ní Ìsẹ́yìn, tí àwọn tó ń gbin tábà kó ara wọn jọ, tí wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá, tí àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò gbin ewé kan rí sì di ọ̀gá níbẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n kọ sára ògiri ilé náà," ó ní, "àmọ́ kò sí àgbẹ̀ kan tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Wọ́n jẹ ẹgbẹ́ náà kú lójú mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ẹ jẹ́ kó sá fún ekòló."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé. Mo rí i pé ìpàdé fẹ́ tú. Bàbá mi dìde, ó ní bó bá jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́ ni, kí Bàbá Àjàdí fúnra rẹ̀ máa mú kọ́kọ́rọ́ tiwọn lọ́wọ́, nítorí ẹni tó ń fura ló mọ nǹkan ṣọ́. Ìyẹn dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n wá béèrè ohun tí wọ́n á fi ṣe ẹni tó bá dá tà lẹ́yìn ẹgbẹ́. Ẹnìkan ní kí wọ́n búra, bàbá mi kọ̀, ó ní ìbúra kò dí olè lọ́wọ́ rí. Òfin tó gbé kalẹ̀ ni pé gbogbo ẹgbẹ́ yóò lọ sórí ilẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fa gbogbo ẹ̀fọ́ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tu, èyí tó gbó àti èyí tí kò gbó. Ó ní òun ni òun yóò kọ́kọ́ fa á, kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá òun ló ṣẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi í ṣe alága lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi Bàbá Kàmọ́rù ṣe igbákejì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá mi ń kó ife, ó ní òfin yìí le jù, pé ènìyàn kì í bínú sí ẹni tí kò tíì ṣẹ òun. Bàbá mi dá a lóhùn pé òfin tí kò bá le, ìmọ̀ràn lásán ni.

Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ pé ẹgbẹ́ náà yọrí sí rere, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí. Ṣùgbọ́n ó yọrí. Àwọn obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lọ sí ibòmíràn, wọ́n padà wá. A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja. Ìyá mi ra ẹyin lódindi páálí kan, ó gbé e sórí àpótí aṣọ bí ẹni gbé ohun ọ̀ṣọ́. Bàbá mi ń kọrin nínú balùwẹ̀, àwọn ará ilé ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ ọ́ mọ́. Ẹni tó yà mí lẹ́nu jù ni Bàbá Àjàdí. Ó so kọ́kọ́rọ́ àtíbàbà mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀, kì í pẹ́ débẹ̀ rí. Ó sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé láti ọjọ́ tí òun ti ń gbin ẹ̀fọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun tà á láìjẹ́ pé òun bẹ ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ojú ń tì pé òun gbádùn rẹ̀.

Ohun tó bà á jẹ́ kì í ṣe ìwà burúkú, ìyẹn ló ń dùn mí. Oore ló bà á jẹ́. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìyá Ṣẹ̀rífá, tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì. Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ dé Èkó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló sùn sí fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bí mi, òun ló gbé omi gbígbóná. Láti ọdún yẹn, òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ bàbá mi, òun ló sì máa ń mú bẹ́ẹ̀dì tó dára jù. Ẹgbẹ́ dé, ó di ẹni tó ń tò sórí ìlà bí gbogbo ayé. Ara rẹ̀ kò yá ní ọ̀sẹ̀ kan, kò lè wá lọ́jọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣèlérí ẹ̀fọ́ fún àwọn tó ń dáná fún ilé ìwé kan, bí kò bá sì rí i kó, wọ́n á mú ẹlòmíràn. Ó wá sí ilé wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó tó mọ́, ó kúnlẹ̀ fún bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó dàgbà ju bàbá mi lọ dáadáa. N kò rí àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i rí, ojú tì mí fún un. Bàbá mi fà á dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó jí mi, ó ní kí n gbé agbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀dì kan péré ló gé fún un. Èmi ni mo ń dì í. Fọ́nrán àpò ìrẹsì wà nínú àtíbàbà ẹgbẹ́, wọ́n sì ti tì í pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ Bàbá Àjàdí. Bàbá mi ń kánjú, ó ní kí n wá nǹkankan dì í, ohunkóhun. Mo sáré lọ sí àtíbàbà Bàbá Àjàdí níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ti ń fì, mo já lára rẹ̀ bí mo ṣe máa ń já a, mo sì fi di gbogbo ẹ̀fọ́ náà kíákíá. Inú mi dùn sí bí ọwọ́ mi ṣe yá. Bàbá mi kò tilẹ̀ wò ó. Ó gbé agbọ̀n ru Ìyá Ṣẹ̀rífá, ó sọ fún mi pé oore kì í gbé, pé kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a padà délé, ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbálẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ wa tó kún fún ẹrẹ̀, kò bi wá ní nǹkankan.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá Kàmọ́rù lọ ra bàtà ní Òṣòdì, ó sì rí tẹ̀tẹ̀ tútù lórí àtẹ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí. Ó mọ tẹ̀tẹ̀ wa. Ìdí rẹ̀ pupa ju ti ibòmíràn lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ẹgbẹ́ kò sì tà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Obìnrin náà ní òun rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí tirẹ̀ ṣẹ́kù, òun kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Kàmọ́rù ra ìdì kan, ó gbé e bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ti pé sí àgbàlá wa. Ó gbé ìdì náà kalẹ̀ láàárín wọn, ó béèrè ẹni tó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ẹ̀fọ́ nínú wọn. Gbogbo ojú yí sí ibì kan ṣoṣo. Mo wà lẹ́nu ilé ìdáná pẹ̀lú ìyá mi. Mo rí ìdì yẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ ìwé ọwọ́ ara rẹ̀. Mo wo bàbá mi. Mo ń retí pé yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Bàbá sílẹ̀, èmi ni. Ó ń wo ilẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí Bàbá Àjàdí. Wọ́n ní ṣebí òun ló ní ẹgbẹ́ yóò kú, ṣebí òun ló ń wá bí yóò ṣe kú. Ọ̀kan tí kò tó ọmọ rẹ̀ ní àgbàlagbà tí kò ní ìtìjú ni. Bàbá Àjàdí ní kí wọ́n gbé ìdì náà fún òun. Ó ti fa èémí sínú, mo rí i, ẹnu rẹ̀ ti là láti sọ pé irọ́ ni. Ó wá yí ìdì náà lọ́wọ́, ó rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣe yí. Ó dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wá mi kiri títí ó fi rí mi lẹ́nu ilé ìdáná, ó sì wo bàbá mi. Bàálù kan ń bọ̀ lókè nígbà náà, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń dúró dè é kó kọjá. Ìgbà yẹn ni bàbá mi náà gbé ojú sókè, tí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Bàálù kọjá tán. Bàbá Àjàdí gbé ìdì náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ má bú ara yín mọ́."

Mo fẹ́ sáré jáde, ìyá mi sì fi ọwọ́ di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó dì í mú débi tí èékánná rẹ̀ fi wọ ara mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó mọ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń pariwo. Bàbá Kàmọ́rù lọ bá Bàbá Àjàdí, ó ní kó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bàbá Àjàdí kò tètè rí i tú kúrò lára okùn ṣòkòtò, Bàbá Kàmọ́rù sì bẹ̀rẹ̀, ó bá a tú u bí ẹni ń tú okùn lọ́rùn ewúrẹ́. Bàbá mi jókòó sórí àga alága. Ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi túká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lọ. Èmi náà lọ, kò sẹ́ni tó rán mi. Tẹ̀tẹ̀ Bàbá Àjàdí ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kó gbó, ó dúró ṣinṣin, ìrì wà lórí rẹ̀. Wọ́n dúró yí i ká, kò sẹ́ni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kàmọ́rù rán bàbá mi létí pé alága ló ní òun yóò kọ́kọ́ fa á. Mo gbàdúrà sí Ọlọ́run, mo gbà á gan-an, pé kó jẹ́ kí bàbá mi sọ̀rọ̀. Bàbá mi ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìdí tẹ̀tẹ̀ kan tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ó jù ú sílẹ̀, ó tún fa òmíràn. Nígbà náà ni àwọn yòókù wọlé. Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún kò pẹ́ tán lọ́wọ́ ogún ènìyàn. Bàbá Àjàdí bọ́ fìlà rẹ̀, ó dì í mú sí àyà, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, n kò tíì rí orúkọ fún un. Mo ti rí jàmbá ọkọ̀, mo ti rí òkú lójú pópó, kò sí èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ tó bàbá mi tó bẹ̀rẹ̀ láti fa ẹ̀fọ́ náà.

Ìyá mi kò bá bàbá mi jà. Ì bá bá a jà, ara ì bá tù mí díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà sínú àwo onídèérí, ó ní kí n gbé e fún Bàbá Àjàdí. Mo bá a tó ń fi ọkọ́ tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, tó ń dúró mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo di ẹ̀fọ́ yẹn.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọwọ́ òsì ló wé e."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ní òun ni. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òfìfo, ó ṣí àwo náà, ó kọ́kọ́ jẹ àkàrà kan tán.

"Bí mo bá sọ pé bàbá ẹ ni, ta ló máa tún gbé ẹ̀fọ́ wá sábẹ́ páànù yẹn lọ́la? Bàbá ẹ ni wọ́n gbà gbọ́, Sàdíà. Bí tiẹ̀ bá bàjẹ́, ó tán nìyẹn, kálukú á padà sídìí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, àwọn obìnrin yẹn á sì tún máa pa irọ́ fún wa. Èmi, wọ́n ti mọ̀ mí sí ẹni tí ò fẹ́ ẹgbẹ́. Kò lè yà wọ́n lẹ́nu."

Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ ò fẹ́ ẹ lóòótọ́."

"Mi ò fẹ́ ẹ. Ọ̀kan ti kú lójú mi, mi ò fẹ́ kí òmíràn tún kú." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Lọ pọnmi wá, ilẹ̀ yìí ti gbẹ."

Mo pọnmi fún un lójoojúmọ́ títí tẹ̀tẹ̀ náà fi hù. Mo ń retí pé bàbá mi yóò wá lọ́jọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ láti bá a gbé agolo ìbomirin kan. Ilẹ̀ wọn kángun síra, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni. Kò wá. Ó máa ń kí i láàárọ̀, Bàbá Àjàdí á dá a lóhùn, kálukú á kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún kejì, àwọn ọmọ Bàbá Àjàdí wá mú un lọ sí Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ló kú sí. Ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fẹnu kò pé àwọn kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ síbi ìsìnkú ẹni tó da ẹgbẹ́. Bàbá mi ló wà lórí àga alága lọ́jọ́ tí wọ́n fẹnu kò ó. Mo ti dàgbà tó láti gbọ́ ọ láti inú yàrá, mo sì gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní. Ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn, wọ́n ti kó lọ sí ibòmíràn, wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìfami mẹ́ta àti ọkọ̀ akẹ́rù kan, àwọn ọmọ wọn ló ń darí rẹ̀. Bí mo bá kọjá tí mo sì rí bí ẹ̀fọ́ ṣe tò lọ rẹrẹ, inú mi máa ń dùn, inú tó ń dùn náà a sì máa bí mi nínú. Mo ti gbìyànjú láti kórìíra bàbá mi, n kò lè ṣe é. Ó rán mi nílé ìwé dé yunifásítì, kò gbá mi létí rí, ó sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Mo ti gbìyànjú láti dárí jì í, n kò lè ṣe ìyẹn náà, nítorí kò tọrọ ìdáríjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tó dàgbà. Nígbà méjèèjì, ó béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kún ojú pópó wa fọ́fọ́. Bàbá Kàmọ́rù tó ti di arúgbó fi ọ̀pá dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ààfáà. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ irú ẹni tí alága jẹ́. Ó ní àgbàlagbà kan rú òfin ẹgbẹ́ nígbà kan, tí gbogbo wọn ń ṣojo, tí bàbá mi nìkan ká ọwọ́ aṣọ sókè, tó sì kọ́kọ́ fa ẹ̀fọ́ ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ tu nítorí òtítọ́. Ó ní ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ fìdí múlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń mi orí, àwọn kan ń nu ojú. Ààfáà gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ Ọlọ́run pé kó fi ẹ̀san àwọn olódodo san bàbá mi lẹ́san. Mo yíjú sí ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ohùn tèmi ló sì ròkè jù.